Ọjọ́ mẹ́rin ní Salvador: èsì fún ìyá olùkọ́ kan ní Ìbàdàn

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ wa tó wà ní São Paulo ní ká wá kí òun ní oṣù September, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa láti lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia. Inú mi dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ ò bára mu. Àwọn kan ní bí a bá ti débẹ̀, Yorùbá la ó máa gbọ́ lójú títì, pé ilé náà ni. Ọkọ mi, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa, ní ìlú òrìṣà ni, òun ò sì ní wọ ibi tí wọ́n ti ń bọ nǹkan kan. Ọmọ wa fúnra rẹ̀ ní ká ṣọ́ra fún olè. Orúnkún ọkọ mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Kí la lè wò níbẹ̀ tí owó àti àárẹ̀ wa ò fi ní já sófo?"

Mà, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò, ẹ bá mi kí bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú àwọn ará ilé káàkiri Salvador, ìbéèrè yín yìí ni mo sì máa ń gbọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń bi í. Bó ṣe yé mi, ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ gan-an ni pé, ṣé ilé lẹ̀ ń lọ ni, àbí àjò? Àjò ni, mà. Àjò tí nǹkan ilé á máa yọ sí yín níbi tí ẹ ò ti retí rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti gbé e sọ́kàn pé ilé lòun ń lọ, kì í pẹ́ tí ìjákulẹ̀ fi ń bá a: ó kí ọlọ́jà ní "ẹ kú ọjà o", ọlọ́jà ń wò ó bọ̀ọ̀, ó béèrè ẹ̀kọ, wọ́n gbé búrẹ́dì fún un, ó di ọjọ́ kejì, ó ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Ibi tí òótọ́ wà ló ṣì.

Ẹ jẹ́ ká mú ti èdè kúrò ńlẹ̀. Potogí ni wọ́n ń sọ ní Salvador, láti ọ́fíìsì gómìnà títí dé ìsọ̀ elépo. Àwọn tó ń gbé ìlú náà lé ní mílíọ̀nù 2.4, ó sì ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá wọn tó sọ nígbà ìkànìyàn pé aláwọ̀ dúdú tàbí àdàlù làwọn, síbẹ̀ ẹ lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹ má rí ẹni tó máa júwe ọ̀nà fún yín ní Yorùbá. Inú orin àti àdúrà ilé òrìṣà ni Yorùbá wà níbẹ̀, àti lára orúkọ oyè, àti lára orúkọ oúnjẹ. Ẹ lè gbọ́ orin Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kí ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀, kí ìyókù máa kọjá lórí yín, torí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti yòrò lẹ́nu àwọn tó ń fi Potogí ronú. Bí àwọn ìyá àgbà ṣe fi orin náà lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ kò ṣòro láti tọ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, láti nǹkan bí 1817 títí wọ àwọn ọdún 1830, tí ogun ń jà kiri ilẹ̀ wa, Bahia ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó kó ẹrú létíkun wa ń forí lé. Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa níbẹ̀. Àwọn Nàgó tó jẹ́ Mùsùlùmí ló ṣíwájú ọ̀tẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ lóru January 24 mọ́jú 25 ní 1835. Ìjọba tẹ̀ ẹ́ rì pẹ̀lú ìbọn àti ẹgba, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì wọkọ̀ padà sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Àwọn la mọ̀ sí Àgùdà. Ọ̀nà náà ò sì dí mọ́ wọn lẹ́yìn. Martiniano Eliseu do Bonfim, ọmọ Salvador tí wọ́n bí ní 1859, bàbá rẹ̀ ló mú un wá sí Èkó ní 1875. Èkó ló gbé dàgbà, ó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kó tó padà lọ di àgbà pàtàkì láàárín àwọn olórìṣà ìlú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, olùkọ́ kan láti Ìbàdàn yín níbẹ̀, Ebenezer Lasebikan, lọ kọ́ wọn ní Yorùbá ní CEAO, ẹ̀ka tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia dá sílẹ̀ ní 1959 fún ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti Éṣíà. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé ẹni tó gbọ́ Yorùbá geere, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ kíláàsì ló ti kọ́ ọ. Inú rẹ̀ á dùn láti bá olùkọ́ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúnkún bàbá ló kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ mú un ní pàtàkì ju ti olè lọ, torí òun ló máa pinnu ohun tí ẹ máa lè rí. Orí òkè àti ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n tẹ Salvador dó sí. Tomé de Sousa, tí ọba Potogí rán wá ní 1549, gbé ilé ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì sórí òkè kí ọ̀tá tó bá gba orí omi wọlé má bàa rí wọn mú. Etí omi nísàlẹ̀ ló fi èbúté àti ilé ìkẹ́rù sí. Ìlú Òkè àti Ìlú Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pè wọ́n títí dòní, ògiri òkè tó dúró gbọnrangandan ló sì dá wọn sí méjì. Lífìtì kan tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda ló ń gbé èrò láàárín méjèèjì láti 1873. Mítà 72 ni gíga rẹ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tí ẹ ó fi dókè. Bàbá ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ gun òkè yẹn rárá, ẹ̀yin náà ò sì gbọ́dọ̀ ṣe é, torí yàtọ̀ sí àárẹ̀, àwọn ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè náà kọjá dá páropáro, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ja àlejò lólè. Bí ẹ bá sì ti dókè, òkúta ródóródó ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà Pelourinho, tó jẹ́ àárín ìlú àtijọ́, ó sì ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wálẹ̀. Láti gbàgede Terreiro de Jesus tó wà lápá òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa jókòó, kí takisí wá pàdé yín nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, wọ́n á sì ti rẹ̀ tẹnutẹnu kí wọ́n tó débi tó dára. Bàtà pẹlẹbẹ tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, ẹ fi sálúbàtà sílé.

Nígbà tí ẹ bá fi lífìtì sọ̀ kalẹ̀, ilé gbàràmù kan wà níwájú yín létí omi, Mercado Modelo lorúkọ rẹ̀. Ilé kọ́sítọ́ọ̀mù ni tẹ́lẹ̀, 1861 ni wọ́n parí kíkọ́ rẹ̀. Ọjà iṣẹ́ ọnà ló ti dà láti 1971. Ẹnì kan á wá fẹ́ mú yín lọ sí abẹ́ ilé náà, níbi tí omi máa ń wà nílẹ̀ lábẹ́ àwọn òpó, á sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún yín pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń de ẹrú mọ́lẹ̀, tí omi òkun á fi wá bá wọn. Ojú mi ni àwọn ará ilé ṣe sunkún níbẹ̀. Ọdún ò bá ìtàn yẹn mu. Bràsíìlì ti fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú látòkè òkun ní 1850, ọdún mọ́kànlá kí ilé náà tó parí. Ohun tó ń fa omi náà ni pé apá ibẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n dí nínú òkun láti fi fẹ èbúté. Bí òkun bá ti kún, omi á yọ lábẹ́ ilé. Mi ò sọ pé etíkun yẹn mọ́ o. Ó ju mílíọ̀nù kan èèyàn lọ tí wọ́n kó lẹ́rú gúnlẹ̀ sí Bahia láàárín ọ̀rúndún mẹ́ta, ó sì di 1888 kí Bràsíìlì tó dá gbogbo ẹrú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí òótọ́ fúnra rẹ̀ ti burú tó báyìí, kí la tún ń wá ìtàn àhesọ lé e fún? Ẹni tó bá fẹ́ dúró síbi tí ìyà ti jẹ àwọn èèyàn wa ní tòótọ́, kó dúró ní Pelourinho lókè: orúkọ òpó tí wọ́n ń so èèyàn mọ́ nà ní gbangba ni wọ́n fi sọ àdúgbò náà. Ní ti ọjà, ẹ yẹ ìsọ̀ púpọ̀ wò kí ẹ tó mú owó jáde, kí ẹ sì ná an dáadáa. Ẹni tó ti ná ọjà ní Gbági ò nílò ìkìlọ̀ mi.

Gbogbo ìwé atọ́nà ló máa ní kí ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco, tí wúrà bo inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé àjà. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ ní February 2025, apá kan àjà rẹ̀ já lulẹ̀ lé àwọn àlejò lórí, ọ̀dọ́bìnrin kan kú, àwọn mìíràn fara pa, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ ní kí ilé ìtura yín bá yín béèrè bóyá wọ́n ti ṣí i kí ẹ tó gbéra. Bí wọn ò bá tíì ṣí i, ẹ má bara jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo fẹ́ kí bàbá rí ò jìnnà síbẹ̀. Nossa Senhora do Rosário dos Pretos lorúkọ rẹ̀, aláwọ̀ aró ni ojú rẹ̀, àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Pelourinho ló wà. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti ẹni tó ti gba òmìnira, tó ti wà láti 1685, ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kó tó parí, torí ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ olówó rẹ̀ ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni yóò rí àyè gbé òkúta? Ẹgbẹ́ náà ṣì wà di òní. Ní ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ìlù ni wọ́n fi ń ṣe Máàsì níbẹ̀. Bó bá di àkókò ọrẹ, wọ́n á gbé agbọ̀n búrẹ́dì jó wọlé. Kátólíìkì ni wọ́n, bàbá lè ní tàwọn kọ́ nìyẹn, àmọ́ mi ò tíì rí alàgbà tó jókòó síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mi. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni Casa do Benin wà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tí wọ́n ṣí ní 1988, tí Lina Bo Bardi, ayàwòrán ilé, ya àwòrán rẹ̀. Àwọn ohun ọnà tí Pierre Verger, ayafọ́tò ọmọ Faransé, kó jọ láti orílẹ̀-èdè Benin àti agbègbè rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ wọ ibẹ̀, kò ní gba àkókò. Lẹ́yìn náà, ẹ kàn jókòó kí ẹ wo àwọn ilé. Bí ẹ bá ti rìn ní Campos ní Èkó rí, tàbí tí ẹ ti dúró níwájú mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ojú yín á mọ àwọn fèrèsé yẹn, àti ọnà sìmẹ́ńtì tó wà lórí wọn. Àwọn Àgùdà tó jẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ló gbé e wá. UNESCO ti ka àdúgbò náà mọ́ ogún àjogúnbá gbogbo ayé láti 1985, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kùn ún ní ọ̀dà títàn báyìí. Kí ó tó dìgbà náà, àwókù ilé ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn tálákà tó ń gbé inú wọn ni wọ́n sì kó jáde kí àlejò bíi tiwa lè rí àyè ya fọ́tò. Ó yẹ kí èèyàn mọ ìyẹn náà.

Ní ti ohun tí bàbá sọ nípa òrìṣà, mi ò ní bá wọn jiyàn ẹ̀sìn. Ohun tí mo lè sọ ni bí ìlú ṣe rí. Kò sẹ́ni tó máa wọ́ yín wọ ilé òrìṣà. Àwọn ilé ńlá náà jìnnà sí ibi tí àlejò ń rìn: Casa Branca wà lẹ́bàá òpópónà Vasco da Gama, Gantois wà ní Federação, Opô Afonjá wà ní São Gonçalo do Retiro. Ẹni tí kò bá wá wọn lọ kò ní kọsẹ̀ lára wọn. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá lè ṣèèṣì rí ni àwọn ère òrìṣà mẹ́jọ tó dúró sínú adágún Dique do Tororó, iṣẹ́ ọwọ́ Tatti Moreno tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1998. Ojú ọ̀nà ló wà, ẹ lè wò ó láti inú takisí kí ẹ kọjá lọ. Ọ̀tọ̀ ni tiyín, mà, bó bá wù yín láti lọ. Casa Branca ni wọ́n kà sí àgbà gbogbo wọn. Àwọn obìnrin tó dá a sílẹ̀ ló gbé oyè Ìyá Nàsó láti ààfin Ọ̀yọ́ lọ síbẹ̀, òun sì ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba Bràsíìlì gbà wọlé, ní 1984, gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Opô Afonjá, tí Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mãe Aninha, dá sílẹ̀ ní 1910, ní ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nínú ọgbà rẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ rí ayẹyẹ, tí ẹ kàn fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀sìn náà jẹ́, ọgbà yẹn ni mo máa ń júwe. Kí ẹni tó gbọ́ Potogí kọ́kọ́ bá yín pè wọ́n.

Ayẹyẹ ńkọ́? Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń ti ilẹ̀kùn láti ìgbà Lẹ́ńtì títí di Àjíǹde. September tí ẹ ń bọ̀ yìí kò sí nínú ìgbà yẹn. Alẹ́ ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè pẹ́ di ọ̀gànjọ́. Aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ dúdú, kí obìnrin ró ìró tàbí wọ síkẹ́ẹ̀tì, kí ọkùnrin àti obìnrin jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí wọ́n bá ṣe tò wọ́n, kí fóònù má sì yọ lápò rárá. Àwọn kan ń ta ìjókòó náà fún àlejò, wọ́n á kó wọn wá pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, wọ́n á sì kó wọn jáde nígbà tí nǹkan ń dùn bọ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ, àwa ará ilé la máa ń ṣe é: a ó jókòó síbẹ̀, a ó máa tún orin wọn ṣe, a ó máa sọ pé báyìí kọ́ la ṣe ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn yìí pa orin Ọ̀ṣọ́ọ̀sì mọ́ lábẹ́ pàṣán, lábẹ́ ọlọ́pàá tó ń já ìlù gbà lọ́wọ́ wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú lọ́dọ̀ wa ò rí ẹni tó lè dá orin náà mọ́. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ dáhùn. Bí wọn ò bá béèrè, ẹ gbọ́ tiwọn.

Oúnjẹ ni ibi tí ẹ ó ti rí ilé jù lọ. Àkàrà ni wọ́n ń pè ní acarajé. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, ni wọ́n fi ń dín in nínú epo pupa, ó tóbi dáadáa, ìyá tó wọ aṣọ funfun tó sì wé gèlè ló máa ń tà á lójú títì. Á là á láàárín, á fi vatapá sí i, ìyẹn àpòpọ̀ búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, kajú, omi àgbọn àti epo. Á fi ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru sí i, àti edé gbígbẹ, àti tòmátì. Bó bá bi yín pé "quente?", ata ló ń bi yín o, kì í ṣe bóyá ó gbóná. Abará ni ẹ̀gbọ́n mọ́ínmọ́ín, inú ewé ni wọ́n ti ń sè é, epo pupa wà nínú rẹ̀. Ó fúyẹ́ nínú ju acarajé lọ, mo sì rò pé òun ló máa bá bàbá lára mu. Epo àti edé pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, ẹni tí edé bá ń bá jà kó yáa béèrè kó tó jẹ. Bàbá á fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ òrìṣà ni. Ní ilé òrìṣà, ti Ọya ni àkàrà. Lójú títì, òwò ni, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi tọ́mọ yanjú, tí ìjọba sì kà mọ́ ogún orílẹ̀-èdè láti 2005. Àwọn onígbàgbọ́ kan tó ń tà á tiẹ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n ní àkàrà Jésù ni. Kò tọ́ lójú mi láti gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kí a sì nu orúkọ rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ó kúkú fi hàn yín pé àwọn ará ìjọ náà ò yé jẹ ẹ́. Ẹ tún ní oríire kan: September ni ọdún Kósímù àti Dàmíánù, ọjọ́ 27, àwọn tí Bahia so mọ́ Ìbejì. Káàkiri oṣù náà ni wọ́n ń se caruru nílé, tí wọ́n ń pe àwọn ọmọdé méje kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ kí àgbà tó bu tiẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè yín, ẹ lọ.

Olè wà, ọmọ yín ò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ti mọ púpọ̀ nínú ohun tó yẹ kó ṣe. Ẹ fi wúrà sílé, ẹ má di fóònù mú lójú títì, takisí tàbí Uber ni kí ẹ wọ̀ bílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má ya sí àdúgbò tó dá ní Pelourinho. Ìlú Ìsàlẹ̀ máa ń dá lọ́jọ́ Àìkú nítorí pé àwọn báńkì àti ọ́fíìsì ti tì, ẹ má rìn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó máa ń bí àlejò nínú ju olè lọ ni àwọn tó ń so rìbọ́ọ̀nù mọ́ni lọ́wọ́, tí wọ́n ní ẹ̀bùn ni, tí wọ́n á wá béèrè owó. Àti àwọn ìyá tó múra fún fọ́tò ní Pelourinho. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ẹ bá wọn sọ iye kí ẹ tó ya fọ́tò, kò ní di ìjà.

Ibi tí wọ́n ti yẹ kí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù ni ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, lórí òkè kékeré ní apá Ìlú Ìsàlẹ̀ tó wọnú omi. Takisí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ara ọgbà irin rẹ̀ kún fún rìbọ́ọ̀nù aláràbarà, yàrá kan sì wà nínú ibẹ̀ tí wọ́n fi ère ọwọ́, ẹsẹ̀ àti orí kọ́ sí, ọpẹ́ ẹni tó rí ìwòsàn. Ọjọ́ Ẹtì ni ibẹ̀ máa ń kún jù, aṣọ funfun lọ́tùn-ún lósì, torí Ọbàtálá ni àwọn olórìṣà rí nínú Olúwa Bonfim. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ wá ti ibẹ̀ lọ sí Monte Serrat, níbi tí odi kékeré funfun kan ti kọjú sí gbogbo èbúté. Ẹ ó rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń dúró de ààyè, ẹ ó sì rí bí Ìlú Òkè ṣe jókòó lórí òkè rẹ̀. Ọjà São Joaquim wà lójú ọ̀nà náà. Obì, epo, ewé, ìlẹ̀kẹ̀, edé, ìkòkò amọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó dọ̀tí, ó há, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju Mercado Modelo lọ. Bàbá lè dúró sínú ọkọ̀ bí ilẹ̀ bá yọ̀.

Ní Barra ni mo fẹ́ kí ẹ wọ̀ sí, kì í ṣe Pelourinho. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́, ẹ lè rìn létí òkun láti ilé iná atọ́kọ̀-sọ́nà dé Porto da Barra láìgun òkè kankan. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ọkọ̀ ojú omi wà nínú odi tó yí ilé iná náà ká. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ: ìlà oòrùn ni ọ̀pọ̀ etíkun Bràsíìlì kọjú sí, àmọ́ ìlú yìí wà lórí imú ilẹ̀ kan tí òkun ńlá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, tí ọ̀sà Todos os Santos wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí náà ni oòrùn fi ń wọ̀ sínú omi lójú yín níbẹ̀. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni.

Ọjọ́ tó bá ṣẹ́kù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń dá ìjiyàn sílẹ̀. Àwọn alágbàtà á fẹ́ ta ìrìn ọkọ̀ ojú omi yí erékùṣù ká fún yín. Orin ariwo àti oúnjẹ ọ̀wọ́n ló pọ̀ níbẹ̀, mi ò ní kí àgbà lọ. Cachoeira, ìlú àtijọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí Salvador, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ nínú ọkọ̀ ni, August ni ọdún ẹgbẹ́ àwọn ìyá Boa Morte níbẹ̀ sì ti máa ń parí. Erékùṣù Ìtaparica rọrùn: nǹkan bí wákàtí kan ni fẹ́rì fi ń dé ọ̀hún, ẹgbẹ́ Egúngún tó lágbára jù ní Bràsíìlì ló wà ní erékùṣù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣí i fún àlejò tí wọn ò mọ̀. Bí tèmi bá ni, bí orúnkún bàbá bá ti ń dùn wọ́n, ẹ má lọ síbì kankan lọ́jọ́ yẹn, ẹ jókòó sí Barra. Wákàtí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń ṣí ní Salvador máa ń yí padà, òmíràn sì ń tì fún àtúnṣe láìròtẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má fi gbogbo ìrìn-àjò rọ̀ mọ́ ilé kan.

Ẹ wo ọjọ́ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín. Bí ó bá bọ́ sí Ìṣẹ́gun títí di Ẹtì, ó dára jù: ẹ fi Pelourinho sí ọ̀sán Ìṣẹ́gun kí ẹ lè bá ìlù Rosário ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sinmi ní Barra ní Ọjọ́rú, ẹ lo lífìtì lọ sí Ìlú Ìsàlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ fi Bonfim ṣe ti Ẹtì. Bí ó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi padà kí ọmọ yín tó san owó ilé ìtura, ká tún un tò.